Sàárà fún Ẹni Tí Kò Tọrọ

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, sísì kan, ìdajì ṣílè, ló ń gbé mi láti Ọbálendé dé Yábàá, ṣéńjì á sì kù tí mo lè fi ra ẹ̀pà. Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi fún ìrìn yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá, ká ní mo kó o fún ẹni tó ni bọ́ọ̀sì láyé ìgbà náà, á dìde lórí àga fún mi, á ní kí n wá jókòó. Búrẹ́dì tí ìyá mi ń rà ní ṣílè kan ti di ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ náírà, ó sì fúyẹ́ débi pé mo padà lọ bi obìnrin tó tà á fún mi bóyá ó gbàgbé díẹ̀ sínú ààrò. Ó ní, "Bàbá, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ náà ti wọ́n." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Omi ni a kì í rà rárá. Ẹ̀rọ omi wà ní ìkóríta, èèyàn á gbé garawa rẹ̀ lọ, ìjà orí ìlà nìkan ni a fi ń sanwó. Lónìí inú ọ̀rá la ti ń mu omi. Bí a bá mu ún tán, a ó sọ ọ̀rá náà sínú gọ́tà, kí gọ́tà náà má baà sùn lébi. Etí òkun jìnnà nígbà náà. A máa ń rìn lórí iyanrìn títí ẹsẹ̀ á fi máa ro wá kí omi tó kàn wá. Òkun òde òní kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀ wá pàdé wa lọ́nà.

Gbogbo nǹkan ló wọ́n. Ohun kan ṣoṣo tí owó rẹ̀ kò gòkè, tó sì pọ̀ lọ́jà títí di òní, ni ọ̀rọ̀ ẹnu àgbàlagbà. Mo wà lára àwọn tó ń pèsè rẹ̀.

Ibi tí a ti ń pèsè rẹ̀ ni orí bẹ́ńṣì kan lábẹ́ páànù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwa mẹ́rin la máa ń jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán títí wọn ó fi pe ti Alásárì. Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, tó ń ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà. Ẹnì kejì jẹ́ télọ̀ tí ojú rẹ̀ kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń gún èèyàn dáadáa. Ẹnì kẹta fẹ̀yìn tì ní wọ́ọ̀fù, níbi tí ọkọ̀ òkun ti ń já ẹrù, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bó bá sì sọ ọ́, a kì í gbọ́ torí télọ̀ á ti máa sọ tirẹ̀ lọ. Ẹnì kẹrin ni èmi. Mo lọ sí yunifásítì láyé ìgbà tí wọ́n ń bá akẹ́kọ̀ọ́ fọ aṣọ, tí wọ́n sì ń gbé itan adìẹ odindi síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Jọ́gíráfì ni mo kà. Wọ́n ní ẹni tó bá kà á á mọ ibi tí ayé ń lọ. Mo fi ìwé ẹ̀rí náà ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Oníkan títí irun mi fi funfun, ohun tí mo sì mọ̀ dájú níbẹ̀ ni ọ̀nà tó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ.

Ní ọdún tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, wọ́n fẹ́ wé láwàní fún ọ̀rẹ́ mi tó ń ta aṣọ, kó jẹ oyè Bàbá Àdínì mọ́ṣáláṣí wa. Ẹni tó ti fi owó àti ara rẹ̀ sin ẹ̀sìn ni wọ́n máa ń fi jẹ ẹ́. Bàbá rẹ̀ fẹ́ oyè náà títí ó fi kú. Òun náà ti ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó ra ẹní, ó ra fáànù, ó ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí kì í jẹ́ ká sùn. Wọ́n ti dá ọjọ́ ìwúyè, ó sì ti ra aṣọ agbádá rẹ̀, funfun báláú. Bó bá jókòó pẹ̀lú wa, mo máa ń rí i tó ń fọwọ́ pa orí rẹ̀, bí ẹni tó ń wọn ibi tí láwàní yóò dé.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ nínú agbo ilé, nítorí iṣẹ́ gbé ìyá ọmọ náà lọ sí Àbújá. Ó ku ọdún kan kó jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì. Olùkọ́ kan ló kọ́ wọn nípa àyípadà ojú ọjọ́, bí ayé ṣe ń gbóná, bí òkun ṣe ń ga, bí ìlú tó wà létí omi bí tiwa yóò ṣe jìyà rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n gba máàkì, wọ́n gbàgbé rẹ̀, bó ṣe yẹ kí ọmọlúàbí ṣe ẹ̀kọ́. Òun gbà á gbọ́. Ó tún rí i lórí fóònù pé àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè máa ń fi kíláàsì sílẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n á gbé páálí dúró níta kí àwọn àgbà lè rí i. Kò jẹ́ fi kíláàsì sílẹ̀ ní tirẹ̀, ìyá rẹ̀ á ti Àbújá wá fọ́ ọ létí. Ṣùgbọ́n ilé ìwé máa ń tètè jáde lọ́jọ́ Jímọ̀, ó sì rò ó pé níbo ni àgbà pọ̀ sí lọ́jọ́ náà ju ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ. Ọgbọ́n tó dára ni. Ohun tí kò rò ni pé àwọn mìíràn ti ń lo ibẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn aláìsàn máa ń tò síbẹ̀ pẹ̀lú páálí lọ́rùn. Ti kíndìnrín wà, ti jẹjẹrẹ wà, ti ẹsẹ̀ wíwú wà, àwòrán ibi tó ń dùn wọ́n sì máa ń wà lára rẹ̀. Àwa tí à ń jáde bọ̀ láti ibi ìrun kì í ka páálí. Èèyàn á yọ owó, á fi yí orí rẹ̀ ká, á sọ gbogbo ohun tí kò fẹ́ sínú owó náà, àìsàn, ọ̀tá, ìjàǹbá ọ̀nà, á wá jù ú síwájú ẹni tó bá dúró níbẹ̀. Ó parí. Ìyà ti kúrò lórí rẹ̀, ó ku ẹni tó gbà á.

Ààrin wọn ni ọmọ náà lọ dúró sí, pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù àti ìborùn funfun rẹ̀. Ó kọ "Ẹ GBÀ WÁ" gàdàgbà sókè páálí. Nísàlẹ̀, ní lẹ́tà kékeré, ó kọ ọ́ pé òkun ń ga, pé gọ́tà ti dí, pé kí àwọn tó kọ́ ìsọ̀ sórí gọ́tà gbé e kúrò kí òjò tó dé. Ó lẹ àwòrán àdúgbò wa mọ́ ọn, bó ṣe rí nínú omi lọ́dún tó ṣáájú. Gbogbo wa rí i pé àwòrán wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó wò ó pé àwòrán kí ni.

Télọ̀ ló kọ́kọ́ yọ owó nínú wa.

"Ọlọ́run á bá ẹ wo kíndìnrín náà sàn," ó wí.

"Bàbá, ẹ káàsán. Kò sóhun tó ṣe mí."

"Àmín. Bẹ́ẹ̀ ni kó o máa wí. Ẹnu ẹni la fi ń gba ìwòsàn."

Kí ọmọ náà tó lanu, owó ti pọ̀ níwájú rẹ̀ ju ti ẹlẹ́sẹ̀ wíwú lọ. Ó ṣa á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn tó ni ín kiri. Ó bá Àlájì kan, ẹni iyì, níbi tó ti ń wọ bàtà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba owó yín. Mi ò ṣagbe. Ẹ kàn bá mi ka ohun tí mo kọ ni."

"Mo ti kà á. Máa lọ."

"Kí ni mo kọ, sà?"

"Àìsàn ni. Má sún mọ́ mi, ọmọ yìí. Ṣé o mọ ohun tí mo sọ sínú owó yẹn? Ṣé orí mi lo fẹ́ dá a padà sí?"

Ó gbé agbádá rẹ̀ sókè, ó fi bàtà ẹsẹ̀ kan sáré wọ àárín èrò. Mo ti ń gbé Ìsàlẹ̀ Èkó láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò tí ì rí i rí kí sàárà máa lé ẹni tó ṣe é.

Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó kó gbogbo rẹ̀ fún ìyá afọ́jú kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kí ni àìsàn tìẹ, ọmọ mi," ìyá náà bi í, "tó ń pawó tó báyìí?"

"Òkun ni, Màmá."

"Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ṣé ó máa ń dunni?"

"Ó máa tó dun gbogbo wa, Màmá."

"Kó má débi tèmi o. Tèmi ti tó mi."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní Jímọ̀ kejì, ẹnì kan ya fídíò rẹ̀ sórí fóònù, Ìsàlẹ̀ Èkó kò sì gba ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ọmọ mi tó wà lókè òkun ló ń ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ rẹ̀ fún mi. Ọ̀kan ní òyìnbó ló ń sanwó fún un. Ọ̀kan ní físà ló ń wá. Ọ̀kan bi í bóyá ó ti mọ ọbẹ̀ sè, kó tó máa bá òkun jà. Ẹlòmíràn bi í pé ta ni yóò fẹ́ obìnrin tó lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó kọ ìyẹn sì ti ní ìyàwó méjì, ọ̀kan nínú wọn ló dá a lóhùn lábẹ́ ibẹ̀. Lórí rédíò, wọ́n fi odindi ètò àárọ̀ kan jíròrò rẹ̀. Ẹnì kan tó pè wọ́n láti Ìkòròdú ṣàlàyé pé àìsàn òyìnbó ni ojú ọjọ́, nítorí àwọn ni wọ́n ní yìnyín tó ń yọ́, àwa ò ní yìnyín, kí ló wá kàn wá. Olóòtú ètò náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ó là wá lọ́yẹ̀.

Ọnọrébù kan wá pẹ̀lú. Ó dúró ti ọmọ náà, ó di páálí rẹ̀ mú, wọ́n yà wọ́n ní fọ́tò. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ń dun òun lọ́kàn, ó fún ọmọ náà ní agboòrùn tí ojú òun tìkára rẹ̀ wà lára rẹ̀, ó wọ jíìpù rẹ̀. Jíìpù náà kò lè kúrò nílẹ̀. Pẹpẹ tí wọ́n fi bo gọ́tà ló gun lé, pẹpẹ náà sì ti dá. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ló gbé e jáde, ó sì ṣe wọ́n lóore.

Àwọn ọlọ́jà Ìdúmọ̀tà nìkan ló ka páálí náà parí, nítorí ọ̀rọ̀ ìsọ̀ wà nínú rẹ̀. Inú bí wọn. Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́, ó kéré tán wọ́n kà á.

Ní orí bẹ́ńṣì tiwa, a ò sinmi.

"Láyé tiwa," télọ̀ wí, "ọmọ tó bá ní òkun ń bọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ bi í pé ṣé o ti pọn omi sílé."

"Òjò ti ń rọ̀ láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé," èmi náà wí. Ẹni tó lọ yunifásítì gbọ́dọ̀ sọ nǹkan.

"Wọ́ọ̀fù tí mo ti ṣiṣẹ́," ẹni tó ti wọ́ọ̀fù wá wí, "àtẹ̀gùn ibẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ wọ inú omi, díẹ̀ ló kù tó ń yọ. Púpọ̀ ló máa ń yọ tẹ́lẹ̀."

"Ilé ọkọ ló kàn fún un," télọ̀ ń bá tirẹ̀ lọ. "Ẹ wá ọkọ fún un, òkun á lọ sílẹ̀."

Ọ̀rẹ́ mi fọwọ́ pa orí rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, akọ̀wé mọ́ṣáláṣí wá bá ọ̀rẹ́ mi níbi tí a jókòó sí. Ọ̀gbẹ́ni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ni, a kì í gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó dé.

"Àlájì, ìgbìmọ̀ ní kí n wá kí yín."

"Mo dúpẹ́. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí o. Kìkì pé wọ́n ní ọmọ yín ń ṣagbe lẹ́nu ọ̀nà, ìwúyè sì kù díẹ̀."

"Kò ṣagbe. Ọ̀rọ̀ òkun àti gọ́tà ló ń sọ."

Akọ̀wé rò ó díẹ̀. "Àlájì, ẹ má bínú. Ìyẹn burú ju agbe lọ. Agbe kúkú wà nínú ẹ̀sìn. Ìsọ̀ tó wà lórí gọ́tà yẹn, ẹ mọ̀ pé mọ́ṣáláṣí ló ni díẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ní kí ẹ ṣe báyìí tàbí báyẹn. Ìgbìmọ̀ kàn ń wò ó pé Bàbá Àdínì ni baba gbogbo wa. Tí baba bá wá ń..." Ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níbẹ̀, ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lọ.

Ọ̀rẹ́ mi ránṣẹ́ pe ọmọ náà lójú ẹsẹ̀, lójú gbogbo wa, kí a lè jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ọmọ náà wá, ó kúnlẹ̀.

"Tí mo bá rí ẹ níbẹ̀ ní Jímọ̀ tó ń bọ̀," ó wí, "Ìjẹ̀bú ni wàá jí sí lọ́jọ́ kejì, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ àgbà. Ibẹ̀ lo ti máa parí ìwé rẹ. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá àgbà."

"Kí lo gbọ́?"

"Pé Ìjẹ̀bú ni mo máa jí sí."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ọ̀rẹ́ mi kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọmọ náà lọ tán, ó kọjú sí mi.

"Ìwọ lo kàwé nínú wa. Ìwé ló kó èyí sí i lórí, bá mi lọ bá a sọ̀rọ̀, kí ìwé yọ ọ́."

Mo lọ. Mo bá a ní yàrá ìsàlẹ̀, níbi tí bàbá rẹ̀ àgbà ń tọ́jú àwọn ìdì aṣọ sí. Ó ń fi àkísà nu ẹsẹ̀ ògiri níbi tí ọ̀rinrin ti mú un.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Wọ́n ní ẹ fẹ́ wá bá mi sọ̀rọ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Bàbá télọ̀ ti sọ fún gbogbo àdúgbò." Ó gbé àpótí fún mi. "Kí lẹ kà ní yunifásítì, Bàbá?"

"Jọ́gíráfì."

"Ṣé wọ́n kọ́ yín nípa òkun?"

"Wọ́n kọ́ wa dáadáa. Ti ilẹ̀ òyìnbó. Gbogbo odò ilẹ̀ Jámánì ni mo lè kà fún ẹ lórí."

"Tiwa ńkọ́?"

"Wọ́n ní tiwa wà nítòsí, ká máa lọ wò ó fúnra wa."

"Ṣé ẹ lọ?"

"A lọ. Àwa àti àwọn ọmọbìnrin. Kì í ṣe òkun la wò."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ìborùn bo ẹnu. Mo rò pé ibi tí mo ti lè mú un nìyẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí bàbá rẹ̀ àgbà ṣe dúró de láwàní náà, bí bàbá tó bí i ṣe dúró dè é ṣáájú rẹ̀.

"Mo mọ̀, Bàbá. Èmi ni mo bá wọn lọ yan aṣọ agbádá ẹ̀."

"Kí ló wá dé tí o ò lè ní sùúrù kí ìwúyè kọjá?"

"Òjò ò ní sùúrù de ìwúyè." Ó nawọ́ sí abẹ́ àwọn ìdì aṣọ. "Ẹ bá mi wo ibẹ̀ yẹn. Nígbà tí mo kéré, búlọ́ọ̀kù kan ni wọ́n gbé aṣọ lé. Nígbà tó yá, wọ́n fi ìkejì lé e. Lọ́dún tó kọjá wọ́n tún fi òmíràn lé e, wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá àgbà mọ̀. Wọ́n kàn rò pé búlọ́ọ̀kù ò ní tán láé ni."

Mo wo àwọn búlọ́ọ̀kù náà. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ wò wọ́n tí wọn ò ní jẹ́ búlọ́ọ̀kù.

"Ìjẹ̀bú yẹn ńkọ́?" mo bi í. "Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, ìdánwò rẹ?"

Omi lé ròrò sí i lójú, ó yíjú sí ògiri. "Mi ò fẹ́ lọ, Bàbá. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n lọ, mo máa lọ. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ga. Ẹ̀yin lẹ ń gbé níbí."

Mo padà sórí bẹ́ńṣì. Ọ̀rẹ́ mi bi mí pé kí ló wí. Mo ní, "Ó ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ga." Ó ní kí télọ̀ sún, kí òun rí ibi na ẹsẹ̀ sí. Télọ̀ sọ pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn kì í rán ẹni tó kàwé níṣẹ́.

Ní Jímọ̀ náà, ojú ọ̀run ṣú dùdù. Ọmọ náà dúró síbi tó máa ń dúró sí, pẹ̀lú páálí rẹ̀. Ó ti di ẹrù rẹ̀ sílé; ìyá afọ́jú ló sọ fún mi, torí ó ti wá dágbére fún un. Gbogbo èèyàn ló mọ ohun tí bàbá rẹ̀ àgbà ti búra, nígbà tí a sì kírun tán, kò sẹ́ni tó ń wá bàtà rẹ̀ pẹ̀lú ìkánjú. A dúró. Akọ̀wé dúró sórí àtẹ̀gùn, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn.

Ọ̀rẹ́ mi jáde. Agbádá funfun tó rán fún ìwúyè ló wọ̀, mi ò mọ ìdí rẹ̀ títí di òní. Ó lọ tààrà bá ọmọ náà. Ọmọ náà kúnlẹ̀. Mo rí i pé ó ti di ojú, ó ń retí ìgbájú.

"Dìde," ó wí. "Ọwọ́ kan lo fi dì í mú, ó ń ká kò, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ kà á?"

Ó mú etí kan páálí náà, ó fà á kó gún. Àwọn méjèèjì dúró bẹ́ẹ̀, àgbà àti ọmọ.

"Ẹ kà á," ó sọ fún wa. "Kò ṣagbe. Ẹ wá kà á."

Kò sẹ́ni tó lọ. Òótọ́ ni pé ìtìjú ń mú wa, òótọ́ sì tún ni pé a ti ń ronú nípa oúnjẹ ọ̀sán. Ọkùnrin àlejò kan ló kọ́kọ́ sún mọ́ wọn, ẹni tó wá rajà láti Ọ̀yọ́, ìdì aṣọ wà ní èjìká rẹ̀. Ó wo agbádá funfun náà, ó mi orí. Ó yọ owó, ó fi yí orí rẹ̀ ká dáadáa bí ẹni tí ìṣòro rẹ̀ pọ̀, ó fi lé ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ẹ̀yin ni ara ò yá ni, àbí ọmọ?"

Ọ̀rẹ́ mi wo owó náà. Ó wo akọ̀wé lórí àtẹ̀gùn.

"Gbogbo wa ni," ó wí.

"Ọlọ́run á wò yín sàn."

"Àmín."

Ìgbà yẹn ni télọ̀ kò lè fara dà á mọ́. Ó jáde láàárín wa, ó lọ síwájú páálí náà, ó fi imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó sì kà á sókè ketekete láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó kà á tán, ó ní, "Irọ́ ni. Ìsọ̀ tèmi ò sí lórí gọ́tà. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ló wà níbẹ̀." Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán, gbogbo wa sá wọlé.

Ọmọ náà kò lọ sí Ìjẹ̀bú mọ́. Láwàní náà kò wá sí ilé ọ̀rẹ́ mi. Ìgbìmọ̀ fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé wọ́n sún ìwúyè síwájú nítorí òjò, òjò náà sì dá, wọ́n wé e fún ẹlòmíràn tó kọ́lé sí Lẹ́kí, tí dẹ́rẹ́bà máa ń gbé wá kírun lọ́jọ́ Jímọ̀. A lọ síbi ìwúyè. A jẹun. Ọ̀rẹ́ mi wọ agbádá funfun kan náà lọ, ẹlẹ́yà kan sì bi í bóyá ara rẹ̀ ti yá.

Nígbà tí òjò ọdún náà wá dé ní tòótọ́, omi wọ ilé wa bó ṣe máa ń wọ̀ ọ́, ó tilẹ̀ tún wọlé jìnnà sí i. Kò sẹ́ni tó sọ pé ọmọ náà sọ ọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹnu rẹ̀ ló fi pè é. Àwọn kan ní kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ Àáfà kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Rédíò fi odindi ètò àárọ̀ mìíràn bi ara wọn pé kí ló dé tí kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún wa. Télọ̀ sún ìsọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn kúrò lórí gọ́tà. Ó ní kì í ṣe nítorí páálí, oòrùn ló ń pa òun níbẹ̀.

Gbogbo Jímọ̀ ni ọ̀rẹ́ mi ń di etí páálí mú lẹ́yìn ìyẹn, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi gbé e mọ́. Ó tún wá gbé àga lọ. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan bóyá láwàní náà ń dùn ún. Ó ní ó ń dun òun gan-an, lójoojúmọ́, kí n má bi òun mọ́. Mi ò bi í mọ́.

Bẹ́ńṣì náà ṣì wà níbẹ̀. Àwa méjì la kù tí à ń jókòó síbẹ̀, èmi àti ẹni tó ti wọ́ọ̀fù wá, iyè rẹ̀ sì ti ń lọ. Lọ́sàn-án, bí ó bá ti jókòó, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á bi mí pé kí ló dé tí wọn ò tí ì dé. Mo máa ń kà wọ́n fún un. Ẹni tó ń ta aṣọ ti kú, nígbà ọyẹ́, nínú oorun. Á bi mí bóyá wọ́n padà wé láwàní fún un, màá ní rárá. Télọ̀ ti kú, ó sì bá dókítà jiyàn títí. Ìyá afọ́jú ti kú. Ẹni tí wọ́n fún ní oyè wà láàyè. Akọ̀wé wà láàyè, ara rẹ̀ le. Ọmọbìnrin náà wà láàyè, ó wà ní yunifásítì. Ìwọ náà wà láàyè, màá sọ fún un. Èmi náà wà.